Orin nìkan ni ti èdè ilé: eré àwọn ọmọ Dàhòmì ní William Ponty

Bí ẹ bá rí ilé-ìwé kan ní Porto-Novo tàbí ní Cotonou tí wọ́n kọ «école bilingue» sí iwájú rẹ̀, ẹ má ṣe yára rò pé Yorùbá, Gùn tàbí Fọ̀n wà nínú èdè méjì náà. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni ó sábà máa ń jẹ́. Ọjọ́ àjọ̀dún àṣà ni èdè wa tó ń wọlé: àwọn ọmọ á ró aṣọ, wọ́n á lùlù, wọ́n á kọrin. Ẹni tí yóò dìde ṣàlàyé ohun tí orin náà ń wí, Faransé ni yóò sọ. Ìpín yìí ti pẹ́. Mo rí gbòǹgbò rẹ̀ nínú àwọn eré orí ìtàgé tí àwọn ọmọ Dàhòmì ṣe ní École normale William Ponty, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà.

Láti 1913 ni ilé-ìwé náà ti wà ní erékùṣù Gorée, kí wọ́n tó kó o lọ sí Sébikotane ní ìparí àwọn ọdún 1930. Láti gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń yan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ síbẹ̀ láti di olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Hubert Maga, ààrẹ wa àkọ́kọ́, ti ibẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Keïta Fodéba tí ó dá Ballets africains sílẹ̀. Bí ìsinmi gígùn bá dé, wọ́n a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà sílé tiṣẹ́tiṣẹ́: kí wọ́n bi àwọn àgbà léèrè nípa àṣà ìlú wọn, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní Faransé. Àwọn ìwé náà, Cahiers Ponty, wà ní IFAN ní Dakar. Inú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni àwọn eré ti jáde. Ní 1933, àwọn ọmọ Dàhòmì gbé ìpàdé Béhanzin àti Bayol sórí ìtàgé. Ní 1937, ọdún Ìpàtẹ Àgbáyé, wọ́n gbé Sokamé dé Paris gan-an, ní tíátà Champs-Élysées.

Ìtàn Sokamé kò lọ́jú pọ̀. Ọ̀dá dá, wọ́n yan ọmọbìnrin kan láti fi bọ ejò kí òjò lè rọ̀, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pa ejò náà. Ó rọrùn láti sọ pé irú ìtàn yìí yóò dùn mọ́ àwọn aláṣẹ amúnisìn nínú, nítorí pé ẹ̀yìn àgbà ni òkùnkùn wà, ọ̀dọ́ ni ó mú ìmọ́lẹ̀ dé. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n n kò ní torí rẹ̀ pa eré náà tì. Nínú àlọ́ tiwa náà, ọ̀dẹ kan a máa kọjú sí ẹbọra tí gbogbo ìlú ń sá fún. A kò yá ìgboyà ọmọkùnrin yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èdè tí ó fi sọ ọ́ ni a yá. Nínú eré Ponty, Faransé ni ìjíròrò, orin ni ó wà ní èdè ilé. Béhanzin pàápàá, ọba tí ó bá Faransé jagun, Faransé ni ó fi dá Bayol lóhùn lórí ìtàgé. Mo mọ ìdí rẹ̀: ọmọ Dàhòmì, ọmọ Gínì àti ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà tí wọ́n jọ jókòó kò ní èdè mìíràn tí gbogbo wọn gbọ́. N kò bá wọn wí. Síbẹ̀, èdè tí a fi ń jiyàn, tí a fi ń bẹ̀bẹ̀, tí a fi ń kọ̀, ti di ọ̀kan. Èdè tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí eré ti di èkejì. Létí ará Paris, kí ni ìyàtọ̀ orin náà sí ìlù tí ó ń tẹ̀ lé e?

Ẹni tí ó bá ti jókòó sí òru ẹ̀fẹ̀ ní Kétu mọ bí èyí ti jìnnà tó sí ohun tí orin jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, inú orin ni ẹjọ́ wà. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ lójú ọ̀sán, ẹ̀fẹ̀ a kọ ọ́ lórin lóru: a júbà àwọn ìyá, a bú ẹni tí ó yẹ ní bíbú, gbogbo ọjà a sì máa gbè é. UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé láti 2001. Àwa olùkọ́ ńkọ́?

Èmi náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ eré kékeré kan fún àwọn ọmọ kíláàsì quatrième: ìyá kan wá bẹ ọ̀gá ilé-ìwé tí ó lé ọmọ rẹ̀ jáde nítorí owó. Ọmọbìnrin tí ó ṣe ìyá mọ Faransé rẹ̀ sórí dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹni ń kàwé ni. Lọ́jọ́ kan tí a ń dánra wò, ó gbàgbé ìlà tí ó kàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní: «Ọ̀gá, ẹ dákun, ọjà ò tà. Ẹ ṣáà jẹ́ kó jókòó sẹ́yìn, kò ní pariwo.» Àwọn tí ń rẹ́rìn-ín dákẹ́. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan, ènìyàn rere ni, gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi Yorùbá sí orin ìparí, ibẹ̀ ni àyè rẹ̀. Mo gbà, mo sì yọ ọ́.

Lọ́jọ́ eré, ìyá orí ìtàgé bẹ̀bẹ̀ ní Faransé tí ó gún régé. Ìyá ọmọ náà gan-an wà ní ìlà kẹta. Nígbà tí àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, ó wò wọ́n, ó pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí a dá orin ìparí ni ó tó dìde tí ó ń jó.

A óò tún eré náà ṣe lọ́dún yìí. Mo ti dá ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà padà sí àyè rẹ̀. N kò tíì fi ìwé náà han alábàáṣiṣẹ́ mi.