Ọ̀bẹ Tí A Mọ Ẹni Tó Rọ Ọ́

Àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu ní Marabadiassa, ní agbègbè Bouaké ní Côte d'Ivoire, kò lè fi àdá ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Àdá ló fi ń ṣán igbó. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ gé okùn, bó ẹ̀gẹ́, dúńbú ewúrẹ́ tàbí gbẹ́ èèkù ọkọ́, ọ̀bẹ ló máa nawọ́ sí: ọ̀bẹ kúkúrú tí ojú rẹ̀ kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ púpọ̀, tí kì í ká, tí irin rẹ̀ wọ inú èèkù ṣinṣin. Bí ó bá jẹ́ èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ, àgbẹ̀ náà ní ohun ìní gidi.

Agbègbè yẹn mọ iná àgbẹ̀dẹ dáadáa. Àwọn oníṣòwò Haúsá ló tẹ Marabadiassa dó ní ìparí ọ̀rúndún 19, nígbà tí ọba ajagun Samory Touré ń jagun káàkiri àríwá ilẹ̀ tí à ń pè ní Côte d'Ivoire lónìí. Dabakala, tó wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Bouaké, ni Samory fi ṣe ibùjókòó rẹ̀ láti 1893. Àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ ń tú ìbọn òyìnbó palẹ̀, wọ́n ń wò ó, wọ́n sì ń rọ irú rẹ̀ fún ọmọ ogun, kí àwọn Faransé tó mú ọ̀gá wọn ní oṣù kẹsàn-án 1898. Bí a bá tún lọ sókè, nítòsí Korhogo, abúlé Koni wà níbẹ̀, níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ Sénúfò ti wa òkúta irin lábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n sì yọ́ ọ nínú ìléru. Ọmọ Èjìgbò, nílẹ̀ Yorùbá, tó ń ṣòwò ní Bouaké (àwọn ará Èjìgbò sì pọ̀ ní Côte d'Ivoire) kò ní ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sí tuntun, nítorí nítòsí ilé rẹ̀ náà ni Ìsundunrin wà, níbi tí wọ́n ti yọ́ irin láyé àtijọ́.

Lónìí, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni irin ti ń wá. Sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni alágbẹ̀dẹ fẹ́ràn jù, ó sì tọ̀nà. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tó nǹkan bí 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó pọ̀ tó láti mú kí irin le. Irin ìkọ́lé rọrùn láti rọ, ó sì wà nílẹ̀ yanturu, ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sábà máa ń kéré jù. Ọ̀bẹ tí a bá fi rọ yóò dán ní ọjà, ojú rẹ̀ yóò sì ti kú kí oòrùn tó wọ̀ ní oko. Kò yẹ kí alágbẹ̀dẹ kankan tà á fún àgbẹ̀.

Ẹni tó bá ti di ẹ̀mú mú rí mọ̀ pé rírọ kọ́ ni ó le jù. Lẹ́yìn tí ọ̀bẹ bá ti ní ìrísí, tí a ti fi fáìlì yún un, a óò dá a padà sínú èédú fún ìgbà ìkẹyìn, a óò sì máa fẹ́ ewìrì jẹ́jẹ́. Irin náà á pọ́n, á pọ́n sí i. Ní nǹkan bí 770°C, òòfà kì í lè fà á mọ́. Ó kù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kí ó tó bọ́ sí ibi tí a fẹ́. Àgbà alágbẹ̀dẹ kò nílò òòfà, àwọ̀ irin ló ń wò, ìdí sì nìyí tí àgbẹ̀dẹ fi gbọ́dọ̀ ní ibòji. Nínú oòrùn ọ̀sán, àwọ̀ iná kì í hàn dáadáa, ẹni tó bá ń wò ó níta yóò jó irin rẹ̀.

Kété tí àwọ̀ bá pé, òróró ló kàn. Omi máa ń pa ooru irin sípíríǹgì lójijì jù, ó sì lè mú kí ó sán. Bí ọ̀bẹ bá jáde láti inú òróró, fáìlì á máa yọ̀ lórí rẹ̀ láìjẹ ẹ́. Ó ti le, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sórí òkúta, ó lè dá sí méjì. Nítorí náà, a óò nu ojú rẹ̀ kí irin lè hàn funfun, a óò sì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ lé irin mìíràn tó gbóná. Àwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ẹ̀yìn bọ̀ wá sí ojú: ìyeyè ló ń ṣáájú, àwọ̀ ilẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà àlùkò, lẹ́yìn náà búlúù. Nígbà tí ìyeyè bá kan ojú ọ̀bẹ, ní nǹkan bí 220°C, tí ẹ̀yìn sì ti di búlúù, a gbọ́dọ̀ yára gbé e kúrò. Ojú á le tó láti gé, ẹ̀yìn á sì rọ̀ tó láti gba lílù. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ láti wò.

Igi apá dára fún èèkù. A óò mú ìrù ọ̀bẹ gbóná, a óò tì í sínú ihò tóóró tí a ti lu sára igi, igi náà á sì jó títí yóò fi gba irin yẹn mọ́ra.

Ọ̀bẹ ilé-iṣẹ́ kò burú. Láti 1929 ni ilé-iṣẹ́ Cognet ti ń ṣe Douk-Douk ní Thiers, ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀bẹ tó ń ká sínú èèkù, tó sì tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí Faransé ṣàkóso ní Áfíríkà. Ó fúyẹ́ nínú àpò. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń ká ni ẹrẹ̀ àti oje ẹran ń sá pamọ́ sí, bí ìṣó ibẹ̀ bá sì tú, Thiers jìnnà sí Marabadiassa. Ní ti ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ, bí èèkù bá tóbi ju ọwọ́ ẹni lọ, ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ la óò gbé e padà, alágbẹ̀dẹ á sì fá a.

Ẹni tó ni ín náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Irin yìí ń dípẹtà, nítorí náà kí ó nù ún lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó fi òrí díẹ̀ pa á, kí ó má sì fi í sílẹ̀ nínú àkọ̀ awọ tó tutù. Kí ó máa pọ́n ọn lórí òkúta, kí ó má fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, torí ooru ẹ̀rọ lè ba líle ojú rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, pípọ́n yóò ti jẹ ojú náà dé ibi tí búlúù dé, níbi tí irin ti rọ̀, yóò sì máa tètè kú. Alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ mọ irin tó lò. Yóò yọ èèkù, yóò tún un mú gbóná, yóò tún un rì sínú òróró, ọ̀bẹ náà á sì padà sí oko.