Ọ̀rọ̀ Àpèjúwe Old Nínú Ìwé Atúmọ̀ Èdè Marathi

Nínú iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè láti Gẹ̀ẹ́sì sí Marathi, ọ̀rọ̀ àpèjúwe, èyí tó ń sọ bí ènìyàn tàbí nǹkan ṣe rí, ni a fi ń dá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú mọ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ bíi màlúù tàbí igi kò fi bẹ́ẹ̀ díjú, nítorí pé ohun tó dúró fún ṣeé nàka sí. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ní tirẹ̀ kì í dá dúró. Ara ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá bá rìn ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà, bí ọ̀rọ̀-orúkọ náà bá sì yí padà, èdè kejì lè béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Old, tó wà lára àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń tètè kọ́, fi èyí hàn kedere ní Maharashtra, ìpínlẹ̀ Íńdíà tí ìlú Mumbai àti Pune wà, níbi tí Marathi ti jẹ́ èdè ìjọba.

Bí ó bá jẹ́ ilé, aṣọ tàbí afárá ni Gẹ̀ẹ́sì pè ní old, junā ni Marathi ń lò, ìyẹn ohun tó ti pẹ́, tí kì í ṣe tuntun mọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ti darúgbó, junā kò bá a mu. Mhātārā ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Síbẹ̀ junā lè bá ènìyàn rìn lọ́nà mìíràn, nítorí pé junā mitra ni ọ̀rẹ́ àtọjọ́mọ́jọ́, bí ọ̀rẹ́ náà kò tilẹ̀ ju ọmọ ogún ọdún lọ. Bhākarī, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ọkà bàbà ṣe, di śiḷī bí ó bá ti di ọjọ́ kejì, torí śiḷā ni wọ́n ń pe oúnjẹ tó sùn mọ́jú. Mínísítà tẹ́lẹ̀rí àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jáde ni mājī, ọ̀rọ̀ tí orísun rẹ̀ jẹ́ èdè Lárúbáwá. Tẹ́ḿpìlì tó ti wà láti ayébáyé ni prāchīn, tí wọ́n mú láti inú Sanskrit, èdè àtijọ́ kan ní Íńdíà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá sì fi old ka ọjọ́ orí, Marathi kò lo ìkankan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: vay, ọ̀rọ̀-orúkọ tó túmọ̀ sí ọjọ́ orí, ni wọ́n fi ń béèrè, ohun tí wọ́n sì ń pe ọmọ ọdún márùn-ún kò ju "ti ọdún márùn-ún" lọ. Òǹkàwé Yorùbá kò ní ka èyí sí àjèjì, nítorí pé arúgbó, aṣọ gbígbó, oúnjẹ àná, mínísítà tẹ́lẹ̀rí àti ohun àtijọ́ kò ṣeé fi rọ́pò ara wọn nínú èdè tirẹ̀ pẹ̀lú.

Mhātārā ni ó gba àlàyé jù lọ. Àwọn onímọ̀ ìtàn èdè so ó mọ́ mahattara nínú Sanskrit, tó túmọ̀ sí ẹni tó tóbi ju ẹlòmíràn lọ, tí wọ́n sì fi ń pe àwọn àgbà àti olórí abúlé láyé àtijọ́. Iyì ìgbà náà ti ṣí kúrò lára ọ̀rọ̀ náà. Láàárín ẹbí, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ṣùgbọ́n bí àlejò bá sọ ọ́ sí ọlọ́jọ́lórí lójú ara rẹ̀, àrífín ni. Ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà yóò lo vṛddha tàbí jyeṣṭha nāgarik, ìyẹn ará ìlú tó jẹ́ àgbà, èyí tí wọ́n ń kọ sára ìjókòó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn nínú bọ́ọ̀sì. Ìwé tó bá to mhātārā àti vṛddha sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí kò fi nǹkan kan ju àmì ìdánudúró díẹ̀ yà wọ́n, kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ti fi ẹni tó ń kọ́ èdè náà sílẹ̀ láti lọ bú àgbà láìmọ̀.

Gírámà tún dá kún un. Ọ̀rọ̀-orúkọ Marathi pín sí akọ, abo àti èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í sì í ṣe abo, junā sì gbọ́dọ̀ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mu: afárá àtijọ́ ni junā pūl, sárì àtijọ́ ni junī sāḍī, ilé àtijọ́ ni june ghar. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nǹkan wà nínú ilé náà, ó di junyā gharāt, ẹni tó bá sì wá junyā lọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè lè má rí i, torí junā nìkan ni wọ́n sábà máa ń tò. Lẹ́nu, june fúnra rẹ̀ máa ń di junaṃ, bí a ṣe ń gbọ́ ọ nínú òwe tó ní ohun àtijọ́ ni wúrà: june te sone ni wọ́n ń kọ, junaṃ te sonaṃ ni wọ́n ń sọ. Mājī àti prāchīn kì í yí padà rárá.

Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí láyé àtijọ́ mọ bí ó ti wúwo tó. James Thomas Molesworth, ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ilé-iṣẹ́ East India, pẹ̀lú George àti Thomas Candy, gbé ìwé Marathi sí Gẹ̀ẹ́sì jáde ní Bombay (Mumbai òní) ní ọdún 1831, àtúntẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fẹ̀ lójú sì jáde ní 1857. Èyí tó lọ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Marathi, Molesworth ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Thomas Candy ló sì parí rẹ̀ ní 1847. Àwọn paṇḍit, ọ̀mọ̀wé Brahmin, ni wọ́n gbára lé, èdè àwọn ọ̀mọ̀wé yìí sì hàn nínú iṣẹ́ náà ju èdè àgbẹ̀ lọ, àléébù tí kò kéré. Ṣùgbọ́n Molesworth kì í fi ìtumọ̀ kan ṣoṣo lé ọ̀rọ̀ lórí kí ó sì máa lọ: ó ń to ìtumọ̀ ní nọ́ńbà, ó sì ń fi àkànlò èdè kún un. Nígbà tí àwọn onímọ̀ méjì, Date àti Karve, ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Mahārāṣṭra Śabdakośa láàárín 1932 sí 1938, tí wọ́n fi Marathi ṣàlàyé Marathi, ìlànà yìí ni wọ́n mú gbòòrò.

Ìtúmọ̀ orí fóònù tó ń fún olùwá ní junā nìkan ti já iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ìpadàsẹ́yìn gidi sì ni. Ohun tí àwọn tó ṣe é ní láti ṣe kò pọ̀: kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀-orúkọ kan ti ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan, ghar ti junā, bhākarī ti śiḷī, vidyārthī (akẹ́kọ̀ọ́) ti mājī, kí wọ́n fi junī, june àti junyā hàn lábẹ́ junā, kí wọ́n sì kọ ọ́ síwájú mhātārā pé a kì í fi pe àgbà tí kì í ṣe ẹbí ẹni.