"Ó Di Gbére" àbí "Ó Dàárọ̀"? Àgbéyẹ̀wò Èdè Ìrètí Àjíǹde Nínú Ìwé Ètò Ìsìnkú ní Karaworo

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú pépà yìí kì í ṣe ohun tí àwọn lámèyítọ́ sábà máa ń yà sí. Ìwé ètò ìsìnkú ni: ìwé pẹlẹbẹ tí àwòrán olóògbé wà níwájú rẹ̀, tí a ń pín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí a sì ń fi fẹ́ ara wa bí ooru Lọ́kọ́ja bá mú. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí Yorùbá onígbàgbọ́ gbà pé ikú jẹ́, ìwé yìí yẹ ní kíkà, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìdílé ti ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọ. Ẹjọ́ tí a ní pẹ̀lú rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ bára mu, bẹ́ẹ̀ àwa olùkọ́ èdè ni wọ́n sábà máa ń ní kí a kọ ọ́.

Àwa náà jẹ̀bi. Nígbà tí a sin ìyá wa ní Karaworo, àwa ni ẹbí gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, nítorí pé tísà Yorùbá ni wá. A kọ "Ìyá wa, ó di gbére" gàdàgbà sí iwájú ìwé. Nínú rẹ̀, lábẹ́ ètò ìsìn, a kọ ọ́ pé a sin wọ́n nínú ìrètí àjíǹde sí ìyè àìnípẹ̀kun. A rò pé Yorùbá wa jinlẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò ìyá wa, tí kò ka ìwé mìíràn ju Bíbélì lọ, tẹ́ ìwé náà sórí itan, wọ́n ní: "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo kọ èyí? Gbére kẹ̀? Ṣé a ò tún ní rí wọn mọ́ ni?" A fèsì pé bí Yorùbá ṣe ń dágbére nìyẹn, àṣà ni. Wọ́n ní, "Èmi ò bi ọ́ ní ti àṣà." Ìbéèrè yẹn ló bí pépà yìí.

"Gbére" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé. Ẹni tó ń lọ sọ́jà tí yóò padà nírọ̀lẹ́ kò ní í sọ ọ́. Ohun tí ń tẹ̀ lé e nínú ìdágbére àtijọ́ tún fi èyí hàn: a ní ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Èyí ni pé bí a bá tún máa ríra, àfi kó jẹ́ kòǹgẹ́ lójú ọ̀nà, tàbí lójú oorun. A sì ń kìlọ̀ fún òkú pé kó má jẹ ọ̀kùn, kó má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kó bá wọn jẹ. Èdè tó dùn ni, ó sì bá èrò tó bí i mu. Ẹni tó lọ ti di ará ọ̀run. Bí yóò bá padà, ara ọmọ ọmọ ni yóò gbà padà, ni a fi ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé. Ìrètí ni ìyẹn náà. "Ẹ̀yìn wọn á dára" tí a fi ń kí ọlọ́fọ̀, ìrètí ni.

Ṣùgbọ́n àtúnwá kọ́ ni àjíǹde. Ẹni tó tún wá, inú ìyá mìíràn ló gbà wá, pẹ̀lú ara mìíràn. Ẹni tó bá jíǹde, òun náà gan-an ni: àpá ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ Jésù nígbà tó fara han Tọ́másì. Nítorí náà, ìwé tí a kọ yẹn ń bá ara rẹ̀ jà. Iwájú rẹ̀ ní ìyapa ni kò lópin; inú rẹ̀ ní ìyè ni kò lópin.

Ó yẹ kí a kíyè sí ọ̀rọ̀ náà "àjíǹde" fúnra rẹ̀. Èdè Gíríìkì tí a fi kọ Májẹ̀mú Tuntun ń lo ọ̀rọ̀ ìṣe méjì fún un: ọ̀kan jẹ mọ́ jíjí lójú oorun, èkejì jẹ mọ́ dídìde dúró. Nínú "àjíǹde", jíjí hàn gbangba, etí wa sì ń gbọ́ ìdìde lẹ́yìn rẹ̀. "Olóògbé" náà ńkọ́? Òògbé ni oorun fẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé ènìyàn lórí ìjókòó, ẹni tó bá sì ń tòògbé, jíjí ni à ń jí i. Ojoojúmọ́ ni à ń kà á lórí rédíò, láìgbọ́ ohun tí ẹnu wa ń sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlejò ní Lọ́kọ́ja. Àjàyí Crowther, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù nínú Bíbélì Yorùbá tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, bá ọkọ̀ ojú omi 1841 dé agbègbè yìí, níbi tí ibà ti pa ọ̀pọ̀ òyìnbó. Nígbà tí Gbebe, ibùdó ìjọ tó wà lódì kejì odò, bàjẹ́ ní 1866, Lọ́kọ́ja ni iṣẹ́ náà ṣí wá. Ọkùnrin yìí ni wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoogùn ní 1821, tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. A kò sọ pé ìpàdé yẹn ni àjíǹde. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò rí ọmọ rẹ̀ lójú àlá, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà á padà nínú ọmọ ọmọ. Orúkọ mìíràn ti kún tirẹ̀, Àjàyí rẹ̀ náà sì ni.

A kò ní í pẹ́ lórí "Sinmi ní àlàáfíà" tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ràn báyìí. Gẹ̀ẹ́sì ni, aṣọ Yorùbá ló wọ̀.

Èyí tó tayọ gbogbo wọn lójú wa ni "Ó dàárọ̀" tí àwọn ìyá àgbà máa ń sọ létí sàréè. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń kíra lálaalẹ́ ni, kí a tó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò jiyàn pé ilẹ̀ yóò mọ́. Ó ti dá àkókò ìpàdé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan yóò sọ pé a fẹ́ pa "ó di gbére" run. Rárá o. Kí ẹni tó gbà á gbọ́ máa sọ ọ́, kí a sì máa kọ́ ọ ní kíláàsì lítíréṣọ̀ pẹ̀lú gbogbo adùn rẹ̀. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lè ka ìdágbére kan, kó sì sọ bóyá ẹni tó kọ ọ́ ń retí láti tún rí òkú rẹ̀.

Nígbà tí ọdún yí po, a tẹ ìwé ìrántí. Àwòrán àná náà la lò. Lábẹ́ rẹ̀ la kọ "Màmá, ó dàárọ̀" sí. Àbúrò ìyá wa wò ó títí, wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ká a sí méjì, wọ́n fi sínú Bíbélì wọn.