Àyà Nìkan, Ọwọ́ Òun Ẹsẹ̀ Nìkan: Òfin Tó Gbé Ẹrù Lé Ẹni Tí Kò Lágbára Jù



Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àná pè mí láti Texas. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti jáde ní kíláàsì mi. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń ya X-ray ní kíllíníìkì kékeré kan. Kì í ṣe rédíógráfà tó kàwé parí o. Ìwé àṣẹ oníwọ̀nba ló ní: àyà, àti ọwọ́ òun ẹsẹ̀, ó tán. Lọ́jọ́ náà, ọkùnrin kan wọlé tí ẹ̀yìn ń ro, dókítà sì ní kó ya egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rán dókítà létí pé ẹ̀yìn kò sí nínú ìwé òun. Dókítà ní, "Ṣebí ẹ̀rọ kan náà ni? Ṣebí bọ́tìnnì kan náà ni?" Ó wá bi mí pé, "Sà, ẹ dákun, kí ló yẹ kí n ṣe?"

Èmi kì í ṣe dókítà. Bí a ṣe ń ka ìwé ni mo kọ́ yín. Ṣùgbọ́n òfin náà ìwé ni, àbí? Mo jókòó, mo ka àwọn òfin wọ̀nyí bí a ṣe máa ń ka ìwé yòówù: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá sọ̀rọ̀, orí ta ni ẹrù sọ̀ sí? Ìbéèrè kẹta yẹn ni mo fẹ́ dúró lé lórí lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Wilhelm Röntgen, ará Jámánì, ló ṣàwárí ìtànṣán X-ray ní 1895. Kò pẹ́ tí ayé fi rí i pé kì í ṣe nǹkan ìṣeré. Ní 1904, Clarence Dally, tó ń bá Thomas Edison ṣiṣẹ́ lórí ìtànṣán náà ní Amẹ́ríkà, kú lẹ́yìn tí wọ́n ti gé apá rẹ̀ méjèèjì. Síbẹ̀, ó tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, láàárín àwọn ọdún 1960, kí àwọn ìpínlẹ̀ bíi New York, New Jersey àti California tó ṣòfin lórí ẹni tó lè fi ẹ̀rọ náà ya ènìyàn.

Ìjọba àpapọ̀ dá sí i ní 1981. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin ìṣúná ńlá kan, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ki òfin kékeré kan bọ̀ tí wọ́n pè ní Consumer-Patient Radiation Health and Safety Act. Ó ní kí ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kalẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ àti ìwé àṣẹ àwọn tó ń ya àwòrán ara. Ìlànà náà jáde ní 1985. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára, ó kún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó ti tú: ìpínlẹ̀ tó bá wù ló máa tẹ̀ lé e. Kò sí ìyà fún èyí tó bá kọ̀. Òfin tí kò léyín, ìmọ̀ràn ni.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ṣàjèjì. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe tirẹ̀. Texas ní orúkọ tó ń pe irú òṣìṣẹ́ yìí, Florida ní tirẹ̀, Oregon ní tirẹ̀, California náà ní tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ kan ń fún ni ní ìwé oníwọ̀nba, òmíràn kì í fún ni rárá. Bí ọmọ wa tó wà ní Texas bá kó ẹrù lọ sí ibòmíràn lọ́la, ó lè dé ibẹ̀ kí ìwé ọwọ́ rẹ̀ di bébà lásán.

Rédíógráfà gidi ní Amẹ́ríkà máa ń lo nǹkan bí ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé ẹ̀kọ́. Láti 2015 ni àjọ ARRT, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1922, ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí òun ní oyè ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ti oníwọ̀nba kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ máa ń lo ìdánwò tí ARRT kọ fún wọn. Apá kan wà tí gbogbo ènìyàn ń ṣe: bí a ṣe ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ ìtànṣán, bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kálukú yóò mú èyí tó fẹ́: àyà, ọwọ́ òun ẹsẹ̀, orí, egungun ẹ̀yìn, tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ fún àwọn tó ń bá dókítà ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. ARRT fúnra rẹ̀ kì í fún wọn ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ o. Ìpínlẹ̀ ló ń fún wọn ní àṣẹ.

Mi ò ní bu ètò náà kanlẹ̀. Ìka ò dọ́gba, iṣẹ́ náà ò dọ́gba. Ẹni tó jẹ́ pé ọrùn ẹsẹ̀ àwọn tó fẹsẹ̀ rọ́ ló ń yà láti àárọ̀ dalẹ́ kò nílò gbogbo ohun tí ẹni tó ń ya òpójẹ̀ inú ọkàn gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní abúlé tí ilé ìwòsàn ńlá jìnnà sí, kíllíníìkì dókítà kan àti òṣìṣẹ́ oníwọ̀nba kan lè jẹ́ gbogbo ohun tí ìlú ní. Bí a bá ní àfi rédíógráfà gidi, àgbàlagbà tó ń húkọ́ yóò wakọ̀ fún wákàtí méjì kí wọ́n tó ya àyà rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ìwọ̀nba ni mo ń bá jà. Ibi tí wọ́n fa ìlà náà sí, àti ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ, ni mo fẹ́ bá wọn sọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ dókítà. Ṣé lóòótọ́ ni pé bọ́tìnnì kan náà ni? Rárá o. Ìtànṣán tí ara ń gbà nínú X-ray àyà kan jẹ́ nǹkan bí 0.1 millisievert. Ti ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ máa ń tó 1.5, ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Ti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kò tó nǹkan rárá. Kí ẹ má bàa fòyà jù, ìtànṣán tí ilẹ̀ àti òfúrufú ń rọ̀ sórí ènìyàn ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún kan jẹ́ nǹkan bí 3. X-ray ẹ̀yìn kan kì í pani. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń tò aláìsàn yóò yà á lẹ́ẹ̀kan, kò ní dáa. Yóò tún un yà, yóò tún un yà lẹ́ẹ̀kẹta. Bí àwòrán tó jáde kẹ́yìn bá tún wọ́, dókítà lè wò ó kó má rí egungun tó sán. Àwọn tó ní ẹ̀yìn yàtọ̀ sí àyà nínú òfin kò ṣìnà.

Àléébù àkọ́kọ́ ni pé ara ènìyàn kì í ṣe oko tí a gbin pèrègún sí ààlà rẹ̀. Níbo ni àyà parí sí tí èjìká bẹ̀rẹ̀? Egungun ìhà tó wà nísàlẹ̀, tó bo ẹ̀dọ̀, ṣé ti àyà ni àbí ti ikùn? Lórí ìwé, ó rọrùn láti gé ara sí wẹ́wẹ́. Nínú yàrá X-ray, ẹni tó ṣubú láti orí àkàsọ̀ kì í sọ pé òun fi apá ibi tó wà nínú ìwé àṣẹ yín ṣèṣe.

Àléébù kejì fara sin ju ìyẹn lọ. Nígbà tó jẹ́ pé fíìmù ni wọ́n ń lò, bí òṣìṣẹ́ bá da ìtànṣán jù, fíìmù yóò dúdú kirikiri, gbogbo ènìyàn yóò sì rí àṣìṣe náà. Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń tún àwòrán ṣe. Bí ìtànṣán bá kéré jù, àwòrán yóò ṣe wínníwínní, dókítà yóò kígbe. Bí ó bá pọ̀ jù, àwòrán yóò mọ́ kedere, dókítà yóò sì ní "o ṣeun." Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà? Àṣejù ti di ohun tí wọ́n ń yìn. Kò sí ẹni tó lè mú un àfi ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà dénú, tó ń wo nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀. Ìyẹn ni pé ìmọ̀ tí gbogbo ẹ̀yà ara jọ nílò ti wá ṣe pàtàkì ju ìlà tí a fà sáàárín àyà àti ẹ̀yìn lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlà yẹn ni orúkọ gbogbo ìwé wọ̀nyí dá lé.

Àléébù kẹta ló mú mi kọ̀wé yìí. Ta ni olùṣọ́ ààlà náà? Mo mọ̀ pé nínú òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan dókítà àti ẹni tó ni ẹ̀rọ. California, bí àpẹẹrẹ, ní kí dókítà tó ń darí iṣẹ́ X-ray náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ fún un. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nígbà tí aláìsàn ń kérora lórí tábìlì, ẹni kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ sọ pé "rárá": ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù nínú yàrá náà. Ó ní láti sọ ọ́ fún ẹni tó ń san owó oṣù rẹ̀. Bí ó bá gbà, ìwé àṣẹ rẹ̀ lè lọ. Bí ó bá kọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ lè lọ. Aláìsàn kò sì mọ nǹkan kan. Ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ ló rí, ó rò pé gbogbo wọn ló mọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ má sọ pé bó ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn. Ìjọba Amẹ́ríkà kan náà ti fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà. Ní 1992 ni wọ́n ṣòfin lórí yíya àwòrán ọyàn. Nínú òfin yẹn, ilé tí wọ́n ti ń yà á gan-an ló gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kúnjú ìwọ̀n kan náà jákèjádò orílẹ̀-èdè. Bí kò bá sí ìwé ẹ̀rí, kò sí àwòrán ọyàn níbẹ̀. Ní 2008, wọ́n tún ṣe òfin pé ilé tó ń ya CT, MRI àti PET fún àwọn tí Medicare ń sanwó fún gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí bó bá di 2012. X-ray lásán, èyí tí wọ́n ń yà jù lọ, ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ìwé òfin kan tí wọ́n pè ní CARE ti wọ ilé aṣòfin lọ́pọ̀ ìgbà láti fi eyín sẹ́nu òfin 1981. Ilé àgbà gbà á ní 2006. Kò di òfin.

Àwọn kan nínú yín yóò ní kí n wo ilé wa ná. Ó dáa. Nílé, láti 1987 ni àṣẹ ìjọba ti dá ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ tó ń forúkọ rédíógráfà sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, ọdún márùn-ún sì ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì. Mo ń sọ èyí nítorí ẹ̀yin tó ń rò pé ẹ ó fi ìwé oníwọ̀nba bọ̀ wálé wá ṣiṣẹ́: oṣù díẹ̀ kò lè rọ́pò ọdún márùn-ún.

Kí ni mo dá ọmọ wa lóhùn? Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé rẹ, kò sí bí a ṣe fẹ́ fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí o kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ló kù. Ó ní, "Sà, mo ti kọ̀ kí n tó pè yín." Wọ́n rán aláìsàn náà lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì títì, wọ́n yà á níbẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gé wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ sí ìdajì. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ohun tó sọnù nínú òfin náà nìyẹn, kò sì ju nǹkan mẹ́ta lọ. Kí ìyà iṣẹ́ tó kọjá ààlà kọ́kọ́ jẹ kíllíníìkì tó pa á láṣẹ, kó tó kan ẹni tó tẹ bọ́tìnnì. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó bá kọ̀ nítorí ìwé àṣẹ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé wákàtí rẹ̀ tàbí lé e. Kí wọ́n sì lẹ ohun tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè yà mọ́ ibi tí aláìsàn yóò ti rí i kà, ní èdè tó yé e. Àwọn tó ń ṣòfin ti mọ bí a ṣe ń pín ara ènìyàn sí àyà, ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀. Ó kù kí wọ́n pín ẹ̀bi náà bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin tó wà nínú iṣẹ́ yìí, ní Houston o, ní London o, ní Ìbàdàn o, ẹ kọ̀wé sí mi kí ẹ sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín. Ọmọ wa ń wá iṣẹ́ mìíràn báyìí. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún ohun tó wà nínú ìwé, kó jẹ́ kí n gbọ́.

Ire o.