Ulé Kì í Ṣe Àṣìsọ

Nínú ilé ọ̀pọ̀ àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ní Onitsha, ìwé atúmọ̀ èdè kan náà ni a máa ń bá lórí tábìlì: A Dictionary of the Yoruba Language, tí ìjọ C.M.S. kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1913. Ìwé náà dára. Ó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ó sì ń túmọ̀ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n a ní ẹjọ́ kan tí a fẹ́ bá a rò.

Bí ìyá àgbà bá ti Èkìtì tàbí Iléṣà wá kí wa, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ padà sí "ulé", àwọn ọmọ wa a bú sẹ́rìn-ín. Wọn a ní, "Màmá àgbà, ilé ni wọ́n ń pè é o!" Bí wọ́n bá ṣí ìwé náà, ilé ni wọn yóò bá níbẹ̀, wọn kò ní bá ulé. Ìwé ti dá ọmọ láre; màmá a sì panu mọ́.

Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, tó sì gúnlẹ̀ sí Onitsha yìí ní 1857, Yorùbá Ọ̀yọ́ ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀. A kò bá a jà. Òun ni ó jẹ́ kí Ìjẹ̀bú àti Èkìtì lè ka lẹ́tà kan náà. Àléébù ibẹ̀ ni pé ohun tí ìwé kò bá kọ, ọmọ a pè é ní àṣìsọ. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, a kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò sì sí lẹ́tà fún ìró gh, èyí tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ fi ń pe ìlú wọn ní Ọ̀ghọ̀.

Bẹ́ẹ̀ etí àwọn ọmọ wa ti mọ ìró méjèèjì ládùúgbò. Ọmọ tó ń fi Ìgbò pe àlàáfíà ní udo, tó ń pe ogun ní agha, kò yẹ kí ulé tàbí Ọ̀ghọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ìwé Ìgbò sì ń kọ ụlọ fún ilé. Ụnọ ni onílẹ̀ Onitsha ń pè é, a kò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ bi màmá léèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Kí ó kọ ọ́ sí etí ìwé atúmọ̀ náà, kí ó kọ orúkọ ìlú màmá tì í. Àwọn àgbà ní ẹni tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Ẹni tó ń fi ulé ṣe yẹ̀yẹ́, ilé ni ó ń sọ nù yẹn.