Ọ̀rọ̀ Ẹnu àti Ọ̀rọ̀ Ìlù

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìlù a máa sọ̀rọ̀. A kì í bi ọmọ Àyàn léèrè ìwé-ẹ̀rí. Lẹ́sẹ̀ baba rẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́, láti ọwọ́ ẹni tí ó bá fi ìlù kì ni ó sì ti ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá ká ìlù sínú àwo, tí àwo náà di ọjà kárí ayé, ta ni yóò fún onílù ní ẹ̀tọ́ rẹ̀?

Àwo kan tí Fẹlá Ransome-Kuti ṣe ní 1971 ni ó gbé ìbéèrè yìí kò mí lójú. Ní ọdún náà gan-an ni Ginger Baker, onílù ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà já dé Èkó. A tẹ orúkọ rẹ̀ sí iwájú àwo náà gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ṣùgbọ́n orúkọ Tony Allen, tí ó ti ń lu ìlù fún Fẹlá láti 1964, kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí a tún àwo náà tẹ̀ jáde, a fi ìlù tí àwọn méjèèjì jọ lù ní Berlin ní 1978 kún un, bí ìṣẹ́jú 16. Ibẹ̀ ni etí lè ṣe ìdájọ́. Ìlù Baker ń sán bí àrá. Ọwọ́ Allen fúyẹ́. Ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohun tí ó ń sọ, bí ìyáàlù, kẹríkẹrì àti gúdúgúdú ti ń ṣe nínú agbo dùndún. Ti Allen ni etí mi yàn.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a dá Baker lẹ́bi. Ìyà kan náà ni ó jẹ àwọn méjèèjì. Títí Baker fi kú ní 2019 ni ó ń ráhùn pé owó orin ẹgbẹ́ Cream ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó kọ ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀, kì í ṣe sọ́dọ̀ onílù. Allen náà fi Fẹlá sílẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1970; ọ̀rọ̀ owó wà lára ohun tí ó fà á. Ó kú sí Paris ní 2020.

Ẹ wo Manu Dibango, ọmọ Douala ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Nígbà tí Michael Jackson mú ìpè inú orin rẹ̀, Soul Makossa ti 1972, lò láìgba àṣẹ, Dibango pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì fi owó parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni a mú, òfin sì gbọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ ìlù nìkan ni a mú ńkọ́?

Òfin tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó kò tètè gbọ́ èdè ìlù. Àwa tí a gbọ́ ọ ni ó yẹ kí a sọ fún un pé ẹni tí ó dá ìlù sílẹ̀ kọ orin. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, nídìí pẹpẹ ni ó yẹ kí ó ti jẹun. Nítorí náà, bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ọ̀pá ìlù mímú, kí a kọ́ ọ ní ìwé àdéhùn kíkà pẹ̀lú.