Rena Wakama àti Iṣẹ́ Ọ̀sẹ̀ Mélòó Kan

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, nílùú Antwerp lórílẹ̀-èdè Belgium, Amẹ́ríkà fi 100 sí 46 na àwọn obìnrin Nàìjíríà nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Lọ́jọ́ keje oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, àwọn méjèèjì tún pàdé nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ní Paris, Amẹ́ríkà sì tún borí, 88 sí 74. Ẹni tó bá ń wo ẹni tó borí nìkan á ní wọ́n nà wá lẹ́ẹ̀mejì. Ojú tí mo fi wò ó yàtọ̀. Àlàfo 54 ti di 14 láàrin oṣù mẹ́fà, ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì ṣẹ́gun ní Òlíḿpíìkì láti ọdún 1992 ni wọ́n dojú kọ. Obìnrin kan náà ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá fún wa lọ́jọ́ méjèèjì: Rena Wakama, akọ́nimọ̀ọ́gbá D'Tigress, bí a ṣe ń pe ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí á fara balẹ̀ wò.

Raleigh, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ni wọ́n bí i sí ní 1992. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìpínlẹ̀ Rivers. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì Western Carolina, ó sì wọ ẹ̀wù Nàìjíríà ní 2015. Nígbà tó wọ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, kì í ṣe àga ọ̀gá ló kọ́kọ́ jókòó sí. Iṣẹ́ ètò ló ṣe ní Manhattan College ní New York: ọkọ̀ wo ni ẹgbẹ́ máa wọ̀, ilé ìtura wo ni wọ́n máa sùn sí, ìgbà wo ni wọ́n máa jẹun, ta ni kò tíì dé. Lẹ́yìn náà ló di igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Yunifásítì Stony Brook. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ sábà máa ń fò iṣẹ́ ètò yẹn dá. Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, nítorí ẹgbẹ́ tó wá gbà lọ́jọ́ iwájú, ètò ló fi ń mí.

Ẹ jẹ́ ká rántí irú ilé tó wọ̀. Otis Hughley, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ti fi D'Tigress gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 2019 àti 2021, ó sì ti gbé wọn dé àárín ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù nínú ìdíje àgbáyé ọdún 2018. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Nàìjíríà ò ní bá ayé gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún ọdún méjì, nítorí ìjà tó wà nínú àjọ tó ń darí eré náà. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́: Mali ni wọ́n fi dípò wa ní ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Sydney. Ó ṣì ń dùn mí. Àwọn ọmọbìnrin yìí fi ẹsẹ̀ ara wọn wá àyè yẹn, àwọn àgbààgbà ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Hughley fúnra rẹ̀ ti lọ sí Yunifásítì Alabama A&M láti máa kọ́ àwọn ọkùnrin. Inú ilé tó dà rú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti pe Wakama ní 2023, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ ọ̀gá akọ́nimọ̀ọ́gbá fún ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Kigali, 84 sí 74 lórí Senegal.

Báwo ló ṣe yá tó bẹ́ẹ̀? Akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì máa ń ní àwọn ọmọ rẹ̀ lábẹ́ ojú ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Akọ́nimọ̀ọ́gbá orílẹ̀-èdè ń rí tiwọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, olúkúlùkù sì ń ti ẹgbẹ́ tirẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú àṣà tirẹ̀. Nínú àwọn ọmọ Wakama, Ezinne Kalu gba Yunifásítì Savannah State kọjá, Amy Okonkwo gba TCU kọjá, Elizabeth Balogun gba Duke kọjá. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, oníkálukú wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ sí ibi tó bá gbé e. Olùkọ́ eré ìdárayá tó ń kó ọmọ jọ fún ìdíje àárín ilé ẹ̀kọ́ ní Kàbà tàbí ní Ìsánlú mọ ìnira yìí dáadáa: kó tó mọ orúkọ gbogbo wọn, ọjọ́ ìdíje ti pé. Nílẹ̀ Okun wa níhìn-ín, pàápàá láàrin àwọn Bùnú, obìnrin ló ń hun aṣọ lórí òfì ìdúró, ẹni tó bá sì ti jókòó tì wọ́n rí mọ̀ pé títa òwú ló ń gba ọgbọ́n. Bí òwú bá ti tò, ọwọ́ tó ń hun á yá. Ohun tí Wakama máa ń tò sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ ká wò.

Ó yan ohun tí èèyàn lè kọ́ kíákíá. Kí ẹlẹ́gbẹ́ mọ ibi tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ máa gbà kó tó ju bọ́ọ̀lù sí i, oṣù gbọọrọ ló ń gbà. Ṣùgbọ́n fífún mọ́ alátakò láti ìdí àwọ̀n rẹ̀ wá, ẹsẹ̀, èémí àti ìfẹ́ ló ń gbà, àwọn ọmọ wọ̀nyí sì ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfin eré fún ẹgbẹ́ tó mú bọ́ọ̀lù ní ìṣẹ́jú àáyá 24 láti jù ú sí àwọ̀n, kó sì tó pé 8, wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbé e kọjá ìlà àárín. Bí o bá há wọn mọ́ débi pé 7 ti lọ kí wọ́n tó kọjá, 17 péré ló kù láti ronú, láti tò, láti jù. Bọ́ọ̀lù tó dára á di bọ́ọ̀lù ìkánjú. Eré bẹ́ẹ̀ ń gba agbára gan-an. Kò sẹ́ni márùn-ún tó lè gbá a fún ìṣẹ́jú 40. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pààrọ̀ wọn léraléra, tó fi ń lo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé wọn gan-an. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo ohun tó kù lọ. Ọmọbìnrin tó bá mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n máa fún òun, tó sì mọ iṣẹ́ tó wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta náà, kò ní fi ìkankan sílẹ̀.

Ọjọ́ 29 oṣù Keje 2024 ló hàn sí gbogbo ayé: Nàìjíríà 75, Australia 62. Láti Athens 2004 ni Nàìjíríà kò ti tún borí nínú eré obìnrin yìí ní Òlíḿpíìkì. Ilẹ̀ Faransé fìyà jẹ wọ́n lẹ́yìn náà, 75 sí 54, ṣùgbọ́n wọ́n gbéra sọ, wọ́n fi 79 sí 70 lé Canada lọ. Ṣáájú wọn, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà kankan, lọ́kùnrin lóbìnrin, kò dé àárín ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù ní Òlíḿpíìkì rí. FIBA, àjọ tó ń darí eré náà lágbàáyé, pe Wakama ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mọṣẹ́ jù nínú ìdíje obìnrin náà.

Àwọn kan á ní orúkọ ńlá ló yẹ ká máa lọ bẹ̀ lọ́wẹ̀. A ti gbìyànjú ìyẹn wò pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Mike Brown wá láti NBA, líìgì àwọn ọkùnrin Amẹ́ríkà, ó sì mọṣẹ́. Ní oṣù Keje 2021 ẹgbẹ́ ọkùnrin wa, D'Tigers, tilẹ̀ na Amẹ́ríkà 90 sí 87 ní Las Vegas. Nígbà tí wọ́n dé Tokyo, wọ́n pàdánù eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Brown kan náà ló gba oyè akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dára jù lọ́dún ní NBA, pẹ̀lú Sacramento. Mi ò gbà pé ìmọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ sí i lójijì. Sacramento ní í lọ́wọ́ láti oṣù dé oṣù. Nàìjíríà kò ní i bẹ́ẹ̀.

Ìpinnu tí Wakama ṣe lẹ́yìn Paris ló wá jọ mí lójú jù. Ẹni tí FIBA ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn lójú gbogbo ayé lè jókòó de yunifásítì tó máa fún un ní àga ọ̀gá. Àga igbákejì ló tún lọ jókòó sí ní 2025, ní Chicago Sky nínú WNBA, líìgì àwọn obìnrin Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń rí àwọn tó mọ eré yìí jù láyé lójoojúmọ́. Kò sì jọ̀wọ́ Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ó wà ní Abidjan, D'Tigress fi 78 sí 64 na Mali, wọ́n sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀karùn-ún léraléra. Ife yẹn ló fún wọn láyè nínú ìdíje àgbáyé 2026, tí wọ́n gbé sí Berlin.

Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá nílẹ̀ Okun, bí ẹ bá rí àwòrán eré wọn, ẹ má tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù nìkan. Ẹ wo ìṣẹ́jú kẹfà tàbí ìkeje nínú ìpín kìíní, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti ń wúwo. Ẹ wo ẹni tí Wakama gbé dìde, ẹni tó fà jáde, àti ohun tó sọ sí ẹni tó ń wọlé létí. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tí alátakò máa lò kó tó kọjá ìlà àárín.